Èésú, Ìwọ̀fà àti Ìnáwó Ìgbéyàwó

Láyé àtijọ́ pàápàá, ìgbéyàwó nílẹ̀ Yorùbá kì í ṣe ìnáwó kékeré. Ẹbí ọkọ ní ìdána láti san, wọ́n sì ní èrò láti bọ́. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó lè gba ọ̀nà méjì, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀nà méjèèjì ń gbéni dé kò jọra.

Ọ̀nà kìíní ni ìwọ̀fà. Ẹni tó bá yáwó láti gbéyàwó tàbí láti sìnkú òbí rẹ̀ yóò máa ṣiṣẹ́ fún olówó rẹ̀, tàbí kí ó fi ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Èlé lásán ni iṣẹ́ yẹn. Bí ó ṣe é fún ọdún mẹ́wàá, owó ẹyọ kan kò dín nínú gbèsè. Ọmọ tí wọn kò tíì bí lọ́jọ́ ìyàwó lè dàgbà tán, kí ó máa roko nítorí oúnjẹ tí àwọn àlejò ti jẹ, tí wọ́n sì ti gbàgbé.

Ọ̀nà kejì ni èésú. Samuel Johnson ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921: àwọn ènìyàn kan á máa dá iye kan náà lásìkò kan náà, ẹnì kan á kó gbogbo rẹ̀, títí yóò fi kárí. Ẹni tó bá mọ ìgbà tí yóò kó èésú lè fi ọjọ́ ìyàwó sí i. Àṣà yìí bá àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú dé Trinidad, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní "susu" títí dòní.

Òfin fòpin sí ìwọ̀fà nígbà ìjọba amúnisìn, ṣùgbọ́n èésú kò kú. Bí Èkó ṣe ń gbòòrò dé Yaba, Mushin àti Surulere, òun àti àjọ ń bá àwọn ọlọ́jà lọ. Ní Ṣómólú, Alphaeus Taiwo Olunaike ni Alájọ Ṣómólú tí a fi ń pòwe. Wọ́n ní orí rẹ̀ pé débi pé kì í kọ orúkọ oníbàárà sílẹ̀, ó sì ta mọ́tò, ó fi ra kẹ̀kẹ́. Àwọn kan ń fi èyí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ló lè wọ ọ̀nà tóóró lọ bá àwọn oníbàárà. Ohun tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu ló rà, kì í ṣe ohun tí ayé yóò máa wò.

Lónìí, aṣọ ẹbí ti kúrò ní ti ẹbí nìkan, gbọ̀ngàn sì ti rọ́pò àgbàlá. Èrò pọ̀ bíi ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ń yá owó èlé lórí fóònù láti bọ́ wọn. Ìwọ̀fà mìíràn nìyẹn: owó oṣù ló ń roko olówó.

Kò pọn dandan kí ìyàwó kéré kí ó tó mọ níwọ̀n. Kí tọkọtaya ka owó kí wọ́n tó ka àlejò. Kí wọ́n mọ oṣù tí èésú yóò bọ́ sí wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó dá ọjọ́. Kí ẹbí dáná, kí aṣọ ẹbí sì jẹ́ èyí tí apá gbogbo ẹbí ká. Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n. Ọjọ́ kan ni ìyàwó. Ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oko olówó.