Ẹ́ńjìnnì Ń Dún, Ọkọ̀ Kò Fà

Agogo mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Ọkọ̀ ojú omi tó ti Gbẹ̀rẹ̀fú bọ̀ ti gúnlẹ̀ sí etí ọ̀sà Àgbádárìgì, wọ́n sì ti ń da àgbọn sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 kan tó dàgbà ju àwọn ọmọ tó ń di ẹrù náà lọ. Láti 1975 tí ilé iṣẹ́ Kàdúná ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ni irú ọkọ̀ yìí ti di ará ilé fún wa. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀. Kábúrétọ̀ ló ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́. Pọ́ọ̀ǹpù kékeré kan lára ẹ́ńjìnnì ló ń fa epo bọ̀ láti táǹkì. Dísítíríbútọ̀ ló ń pín iná fún plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gbogbo rẹ̀ ló ṣeé fọwọ́ bà, tó ṣeé fojú rí. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń dùn mí bí mo bá rí i tí wọ́n ń méfò lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń fi owó awakọ̀ ra ẹ̀yà ara tí kò bàjẹ́.

Awakọ̀ ṣáná sí i. Ó jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń dún geere lórí ìdúró. Ohun tó ti ń tan gbogbo ènìyàn jẹ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan nìyẹn.

Agogo méje kọjá díẹ̀. Ó ti mú ọ̀nà Máìlì Tú pọ̀n. Kí ó tó dé Mọ̀wó, ní gíà kẹrin, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. Ó tẹ iná mọ́lẹ̀ pátápátá, ohùn ẹ́ńjìnnì ń lọ sílẹ̀ dípò kí ó ròkè, ó ń wúkọ́. Ó bọ́ sí gíà kẹta, ó bọ́ sí ìkejì, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó tún ṣáná sí i, ọkọ̀ sì fò bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Kò rìn jìnnà tó tún fi rọ. Ó yí padà. Plọ́ọ̀gì tuntun ló wà nínú rẹ̀, kọ́ìlì tuntun sì ni, ẹnì kan sì ti sọ fún un ní Àjàrá pé pọ́ọ̀ǹpù epo ló kù. Owó pọ́ọ̀ǹpù náà wà lápò rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ gbogbo èyí. Láti agogo mẹ́sàn-án ni èmi náà ti wà níbẹ̀.

Agogo mẹ́sàn-án. Ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan lẹ́bàá Ìbẹ̀rẹ̀kò. Awakọ̀ àti ọ̀gá mẹkáníìkì kí ara wọn ní èdè Ògù, wọ́n wá fi Yorùbá bá a lọ nítorí àwa yòókù. Ọ̀gá mẹkáníìkì kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó fa bẹ́ǹṣì, ó jókòó.

“Ẹ̀gbọ́n, nígbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbéra, ṣé ó fà?”

“Ó fà dáadáa.”

“Tó bá rẹ̀ ẹ́, tẹ́ ẹ páàkì, ara rẹ̀ tún máa ń yá?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá.”

“Èéfín ńkọ́? Ṣé ó dúdú, àbí ó ní àwọ̀ búlúù?”

“Kò séèfín kankan.”

Nínú gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni mo kà sí jù. Èéfín dúdú ìbá sọ pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Àwọ̀ búlúù ìbá sọ pé ẹ́ńjìnnì ń jó ọ́ìlì. Bí fáàfù tàbí ríǹgì bá ti jẹ, ọkọ̀ kì í dúró di ìgbà tó bá dé Mọ̀wó kí ó tó rọ. Láti ẹnu ọ̀nà ilé ni yóò ti máa wọ́. Àìsàn tó ń lọ tó sì ń bọ̀ báyìí, ooru ló ń fà á, tàbí ebi epo. Kọ́ìlì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tó bá gbóná, nítorí náà ẹni tó ní kí wọ́n pààrọ̀ kọ́ìlì kò ṣìwèrè. Ó kàn jẹ́ pé kò yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó ní kí wọ́n rà á.

Agogo mẹ́wàá. Wọ́n sọ àgbọn kalẹ̀. Wọ́n fi jáàkì gbé táyà kọ̀ọ̀kan, wọ́n yí i: bíréèkì kankan kò di táyà mú. Kílọ́ọ̀ṣì kò yọ̀, nítorí bí ó bá ń yọ̀, ẹ́ńjìnnì ìbá máa pariwo sókè nígbà tí ọkọ̀ ń rọ. Wọ́n gbọn iyanrìn etí òkun kúrò nínú fíltà afẹ́fẹ́. Ọmọṣẹ́ fi àtàǹpàkò dí ihò plọ́ọ̀gì níkọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń yí ẹ́ńjìnnì. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló tì í lọ́wọ́ dànù: fáàfù àti ríǹgì kò jẹ. Ọ̀gá fi irin pẹlẹbẹ wọn àlàfo kọ́ńtáàtì inú dísítíríbútọ̀, ó tó nǹkan bíi mìlímítà 0.4 bó ṣe yẹ. Iná plọ́ọ̀gì mọ́ kedere.

“Epo burúkú ni, ọ̀gá,” ni ọmọṣẹ́ wí. Kò sí ẹni tó lè bá a wí. A kò tíì gbàgbé oṣù kejì 2022, nígbà tí epo bẹntiróòlù tí mẹtanọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ Nàìjíríà, tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì dákú. Ṣùgbọ́n èyí náà ní ìdánwò. Wọ́n bu epo sínú ìgò tó mọ́lẹ̀, wọ́n da omi díẹ̀ sí i, wọ́n fàmì sí ibi tí omi dé, wọ́n gbọ̀n ọ́n, wọ́n gbé e kalẹ̀. Bí ọtí bá wà nínú epo, omi náà á fà á mọ́ra, á sì ga kọjá àmì. Kò ga. Epo náà mọ́, àfi ìpẹtà díẹ̀ tó sùn sísàlẹ̀ ìgò.

Agogo méjìlá ku díẹ̀. Ọ̀gá ní kí wọ́n wa ọkọ̀ náà lọ títí yóò fi rọ, kí wọ́n pa á lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n tú plọ́ọ̀gì níbẹ̀. Ilẹ̀ Àgbádárìgì tẹ́jú, kò sí òkè tí èèyàn lè fi dán ọkọ̀ wò, nítorí náà wọ́n dá àgbọn padà sẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú plọ́ọ̀gì lọ́nà Sẹ́mẹ̀, ẹnu rẹ̀ funfun. Ó yẹ kí ó ní àwọ̀ búráùn. Funfun yẹn ni ẹ̀rí àkọ́kọ́ tó dúró: ẹ́ńjìnnì ń mu afẹ́fẹ́ tó, kò rí epo tó.

Agogo kan ọ̀sán. Ọ̀gá mú kẹ́ẹ̀gì epo lítà márùn-ún, ó so ó mọ́lẹ̀ gbọnyingbọnyin, ó fa rọ́bà láti inú rẹ̀ lọ sí ẹnu pọ́ọ̀ǹpù, wọ́n gbé garawa iyanrìn dání nítorí iná. (Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ yìí, kí ó má ṣe dán an wò, epo tó bá ta sára ẹ́ńjìnnì gbígbóná lè jó ọkọ̀ àti ẹni tó wà nínú rẹ̀.) Wọ́n gbéra pẹ̀lú ẹrù. Gíà kẹrin, ó ń fà. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, kò rọ lẹ́ẹ̀kankan.

Pọ́ọ̀ǹpù tí wọ́n fẹ́ sọ nù yẹn náà ló fa epo kẹ́ẹ̀gì. Mo wo ojú awakọ̀ bó ti fọwọ́ kan àpò rẹ̀.

Agogo méjì ààbọ̀. Ó ku ọ̀nà láti pọ́ọ̀ǹpù dé táǹkì. Ìpẹtà wà nínú fíltà epo; wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sínú páìpù, a gbọ́ bí epo ti ń hó nínú táǹkì. Ọmọṣẹ́ rò pé ó ti tán. Wọ́n tún gbéra, ó sì tún rọ.

“Ẹ má pa á,” ni ọ̀gá wí. “Ẹ ṣí ìdérí táǹkì.”

Bí wọ́n ti yí i, táǹkì fa afẹ́fẹ́: fùùù. Kò pẹ́, ẹ́ńjìnnì gbé ohùn sókè fúnra rẹ̀.

Lábẹ́ ìdérí náà ni ọ̀rá kan wà tí wọ́n ṣẹ́ po, tí wọ́n ká mọ́ ẹnu táǹkì. Awakọ̀ ló fi í síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, tí lítà kan fò láti abẹ́ ₦200 kọjá ₦480 l'Ékòó, ó pinnu pé ẹ̀kán kan kò ní ṣòfò mọ́. Kòtò ojú ọ̀nà máa ń da epo síta lẹ́nu táǹkì náà. Ta ni yóò dá a lẹ́bi? Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun sì ti mú kí ihò mímí tíńtín tó wà lára ìdérí náà dógùn-ún pa.

Pọ́ọ̀ǹpù nìkan kọ́ ló ń gbé epo wá. Bí epo ti ń jáde, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé dípò rẹ̀, kí ó máa ti èyí tó kù. Àgbọn tí èèyàn lu ní ihò kan ṣoṣo, omi rẹ̀ kì í ṣàn. Ihò kejì ló ń tú u sílẹ̀. Lórí ìdúró, ẹ́ńjìnnì kò béèrè ju ẹ̀kán lọ, ìyẹn ni kì í fi í rọ níbẹ̀. Tí ó bá ń sáré pẹ̀lú ẹrù, táǹkì á fún, epo á kọ̀. Tí ó bá páàkì, afẹ́fẹ́ á rọra yọ́ wọlé, ara rẹ̀ á sì yá.

Agogo mẹ́rin. Ọ̀gá fi wáyà la ihò ìdérí náà. Kò fi awakọ̀ sílẹ̀ láìsí ìdáàbòbò: ó gé rọ́bà róbótó tó dí etí ìdérí kí epo má ta síta, tí kò sì bo ihò. Wọ́n wà á dé Gbájí, wọ́n padà, ó ń fà lọ ń fà bọ̀.

Agogo márùn-ún. Awakọ̀ san owó iṣẹ́ àti owó fíltà nínú owó pọ́ọ̀ǹpù, ó fi ìyókù ra epo, ó kọrí sí Máìlì Tú. Owó kọ́ìlì àti plọ́ọ̀gì ti lọ. Ìpẹtà ṣì wà nínú táǹkì náà, yóò sì tún dí fíltà bí wọn kò bá fọ̀ ọ́. Wọ́n ti fàdéhùn sí ọjọ́ kejì ọjà Àgbálátà tó ń bọ̀ láti sọ ọ́ kalẹ̀.