Ẹni Tí Àìsàn Kò Tíì Fi Sílẹ̀: Ìtàn Kìníìnì, Àdúrà àti Àwọn Ìjọ Wa

Ọmọ yín, nọ́ọ̀sì àdúgbò, ló tún dé. Ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá àyè jókòó kà á, kí ẹ sì kà á sí etí ìyá àgbà tí ojú rẹ̀ kò bá gbé lẹ́tà fóònù mọ́.

Mo fẹ́ kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, níbi ìsìn ìdúpẹ́ kan, ìyá kan dìde láti jẹ́rìí. Ó ní òun ti da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru òun sí ṣáláńgá, nítorí pé orí kò fọ́ òun mọ́. Gbogbo ìjọ hó yèè. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kì í mọ nǹkan kan lára. Mo mọ̀ pé oògùn yẹn gan-an ló ń mú ẹ̀jẹ̀ náà wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tì mí, n kò pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn. Kò pé oṣù mẹ́rin tí àrùn rọpárọsẹ̀ fi kọlù ú. Apá ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ kò sì já geere lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Èyí tó dùn mí jù ni ohun tó tẹ̀lé e: àwọn tó hó yèè fún un ló tún ń béèrè ẹ̀ṣẹ̀ tó dá. Nígbà tó yá, wọn kò lọ kí i mọ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi pé, níbo ni a ti kọ́ èyí? Ṣé bí àwọn ìjọ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn? Mo lọ ka ìtàn. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin àgbà tó mọ̀ jù mí lọ.

Ọ̀nà márosẹ̀ tó kọjá ní Ìyànà Ìbà yìí, Àgbádárìgì ló ń lọ. Ibẹ̀ ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí ní September 1842. Henry Townsend ti ìjọ Áńgílíkà dé ní December ọdún kan náà. Ohun tó ń pa àwọn òyìnbó nílẹ̀ wa nígbà náà kì í ṣe ogun, ibà ni. Ní 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti rán ọkọ̀ gòkè odò Ọya. Àwọn òyìnbó tó kú lára wọn lé ní ogójì, ibà ló sì pa èyí tó pọ̀ jù. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tiwa tó wà nínú ìrìn àjò náà ni Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn. Ó fojú rí i.

Ní 1854, ọkọ̀ mìíràn tún gba odò kan náà. Dókítà Baikie ni olórí wọn, Crowther tún wà níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Baikie ní kí àwọn òyìnbó máa lo kìníìnì lójoojúmọ́, kí ibà tó dé rárá. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, ibà kò pa ẹyọ ẹnì kan nínú wọn. Kí ni kìníìnì? Èèpo igi ni, láti Gúúsù Amẹ́ríkà. Ẹ̀yin ìyá wa tó mọ èèpo igi sínú àgbo, ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí yín.

Lẹ́yìn náà, àwọn ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé ìwòsàn. Àwọn Àgùdà dá Sacred Heart sílẹ̀ ní Lántòrò, Abẹ́òkúta, ní 1895. Dókítà George Green ti ìjọ Onítẹ̀bọmi dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1907. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì kọ́ Wesley Guild sí Iléṣà. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé oògùn òyìnbó àti ṣọ́ọ̀ṣì jẹ́ ọ̀tá láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, kò ka ìtàn náà tán.

Kí ló wá dé tí àwọn kan fi kọ oògùn? Ẹ jẹ́ ká dé 1918.

Ní September ọdún yẹn, ọkọ̀ òkun gbé àjàkálẹ̀ àrùn kan wọ Èkó, èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní lúkúlúkú. Ó tàn ká gbogbo ilẹ̀ Yorùbá láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Àwọn abarapá ló ń pa. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa: dókítà òyìnbó kò ní oògùn rẹ̀. Ọdún 1933 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí kòkòrò tó ń fà á lára ènìyàn. Penicillin pàápàá, 1928 ni wọ́n ṣàwárí rẹ̀. Ẹni tó gbé aláìsàn dé ọsibítù lọ́dún náà, ibùsùn àti ìtọ́jú ọwọ́ ló lè bá níbẹ̀.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà. Joseph Shadare ni àgbà wọn. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Sophia Odunlami, tí àrùn náà ti mú, ní òun gbọ́ ohùn pé kí àwọn ènìyàn fi oògùn sílẹ̀, kí wọ́n lo àdúrà àti omi òjò. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye ni wọ́n ń pe ara wọn. Ní 1922, wọ́n kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà. Wọ́n ti ń bá ìjọ kan ní Amẹ́ríkà kọ̀wé, Faith Tabernacle, tí òun náà kò gba oògùn láàyè. Ibẹ̀ ni gbòǹgbò ohun tí a ń pè ní Àládùúrà lónìí wà.

Èmi nọ́ọ̀sì, n kò lè bá wọn jà lórí ti 1918. Nígbà tí oògùn kò sí, kí ni wọ́n kọ̀? Wọ́n fún aláìsàn ní ohun tó wà lọ́wọ́ wọn: wọ́n jókòó tì í, wọ́n fún un lómi, wọ́n gbàdúrà, wọn kò sá fún un. Ẹni tó bá ti tọ́jú aláìsàn rí mọ̀ pé nǹkan ńlá nìyẹn.

Ní July 1930, ìsọjí bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ọ̀óyè, Iléṣà, lábẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tó ti wa katakata tí wọ́n fi ń tẹ ojú títì rí. Èrò wọ́ lọ láti ibi gbogbo, omi àdúrà lọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Apostolic wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti bá wọn ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1939, ìjà ti dé. Àwọn òyìnbó yìí ń wàásù ìwòsàn àtọ̀runwá, síbẹ̀ wọ́n ń lo kìníìnì. Babalọlá, Odubanjo àti Akínyẹlé, ẹni tó jẹ Olúbàdàn ní 1955, kò gbà. Wọ́n pín. Apá ti Babalọlá ló di Christ Apostolic Church, tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní 1943.

Ẹ ò rí i? Kìníìnì kan náà tí kò jẹ́ kí àwọn tó bá Crowther rìnrìn àjò kú, òun ló pín ìjọ níyà ní nǹkan bí ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún lẹ́yìn náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí iṣẹ́ wa kọ́ mi nípa ìjà yẹn. Ẹni tí ẹ̀fọn ti ń jẹ láti kékeré níbí, tí ibà ti ṣe léraléra tí kò pa á, ara rẹ̀ ti kọ́ bí a ṣe ń bá ibà jà. Bó bá dàgbà, ó lè ní ibà kó sì dìde láìlo nǹkan kan. Òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò ní ìgbèjà yẹn lára. Ọmọ ọwọ́ tiwa náà kò tíì ní in. Ohun tí ara kálukú mọ̀ ló ń sọ. Wọ́n fi ìgbàgbọ́ wọn ara wọn, nígbà tó jẹ́ pé ara wọn ni kò rí bákan náà.

Ibí yìí ni mo ti wá rí ìdáhùn ìbéèrè mi. Ibà àti lúkúlúkú jẹ́ àìsàn tó ń dé tó sì ń lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, aláìsàn ti dìde tàbí ó ti kú. Bó bá dìde, a ó gbọ́ ẹ̀rí. Orí irú àìsàn yẹn ni àṣà ẹ̀rí ìwòsàn wa dúró lé. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, wárápá, fòníkú-fọ̀la-dìde, kòkòrò HIV, ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni wọ́n. Wọn kì í lọ lọ́sẹ̀ méjì. Ẹni tó ń gbé pẹ̀lú wọn kò ní ẹ̀rí tí ìjọ fẹ́ gbọ́. Bí ọdún ti ń yí, tí kò jẹ́rìí, àwọn ènìyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó tìfura-tìfura. Òun náà á rí i. Á parọ́ pé òun ti sàn, tàbí kó da oògùn nù kí ẹ̀rí lè wà, tàbí kó kúkú jókòó sílé.

Ṣé ó ti ń rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀? Rárá o. Ẹ wo Moses Orímóladé, ọmọ Ìkàrẹ́, Bàbá Àládùúrà. Ìtàn tí àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ fúnra wọn ń sọ ni pé kò lè rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà èwe. Nígbà tó wá rìn, ó ń tiro. Ẹsẹ̀ yẹn ló fi rin ilẹ̀ káàkiri tó ń wàásù. Òun ni wọ́n ránṣẹ́ pè ní June 1925, nígbà tí Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n wà nínú ìran ní Èkó tí kò jí. Láti ibẹ̀ ni ìjọ Séráfù ti bẹ̀rẹ̀. Títí Orímóladé fi kú ní Òjòkòró ní October 1933, ó ń tiro. Kò sẹ́ni tó ní kó kọ́kọ́ jẹ́rìí ẹsẹ̀ rẹ̀ kó tó gbàdúrà fún ẹlòmíràn.

Ẹ tún wo ti àwọn ará wa ní ilẹ̀ Ìgbò. Ẹ̀tẹ̀ mú Ikoli Harcourt Whyte nígbà tó wà lọ́mọdé. Ní 1932, ó dé ibùdó àwọn adẹ́tẹ̀ tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní Uzuakoli. Ìlú ti lé wọn jìnnà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú ìjọ ibẹ̀, wọ́n fún un ní ẹgbẹ́ akọrin. Àwọn aláìsàn bíi tirẹ̀ ló ń kọrin, òun ló sì ń kọ orin fún wọn. Ibùdó kan náà wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi oògùn dapsone wo ẹ̀tẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1940. Oògùn wà, orin wà, iṣẹ́ ìjọ wà lọ́wọ́ aláìsàn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá Ìgbò tó wà ní Aláàbà, wọ́n mọ orin Harcourt Whyte.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀bẹ̀ mi rèé:

1. Kí ẹnikẹ́ni tó jẹ́rìí pé ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà ti lọ, kó kọ́kọ́ lọ yẹ ara rẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn. Kó má fi oògùn sílẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Ara yíyá lábẹ́ oògùn, ìwòsàn nìyẹn náà. Ẹ jẹ́ kó jẹ́rìí pé òun ń lo oògùn, ara òun sì ń dá.

2. Bí a bá kéde ààwẹ̀, kí olùdarí sọ ọ́ láti orí pẹpẹ pé kí ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, pàápàá tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin, ẹni tó ní fòníkú-fọ̀la-dìde àti aláboyún béèrè lọ́wọ́ dókítà kí wọ́n tó gbà á. Ẹ má jẹ́ kí ojú tì wọ́n.

3. Bí wárápá bá gbé ẹnì kan nínú ìsìn, ẹ má dì í mọ́lẹ̀, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí, ẹ fi nǹkan rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́. Itọ́ rẹ̀ kì í ranni. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

4. Àyẹ̀wò tí ẹ ní kí tọkọtaya ṣe kí wọ́n tó ṣe ìgbéyàwó, àṣírí wọn ni. Láti 2014 ni òfin orílẹ̀-èdè wa ti dá àbò bo ẹni tó ní kòkòrò HIV kí wọ́n má baà yà á sọ́tọ̀. Ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́, tí àyẹ̀wò kò rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́, kò ní kó o ran ọkọ tàbí aya rẹ̀ nípa ìbálòpọ̀.

5. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹni méjì tí yóò máa lọ kí àwọn tó ti pẹ́ lórí àìsàn. Ẹ má bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò tíì sàn. Ẹ béèrè bóyá oògùn ti tán, bóyá owó ọkọ̀ wà láti dé ọsibítù. Ẹ fún wọn níṣẹ́ nínú ìjọ.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ọwọ́ àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Èmi náà ń gbàdúrà kí n tó jáde nílé lọ síbi iṣẹ́.

Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ṣì wà láàyè. Mo ti lọ bẹ̀ ẹ́ fún ìpàtẹ́wọ́ mi. Ó ń lo oògùn rẹ̀ báyìí, ó ti ń fi ọwọ́ òsì gbá ilẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo lọ, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé ta ló ń bá wọn dá orin nínú ẹgbẹ́ báyìí. Kò béèrè fún owó, kò béèrè fún oúnjẹ. Ẹ jọ̀wọ́, irú rẹ̀ wà nítòsí yín. Ẹ lọ kí i lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mìíràn. Ẹni tó bá fẹ́ kí n wá wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún ẹgbẹ́ wọn, kó sọ fún mi. Ó dàbọ̀ o. Ọlọ́run á dá wa sí.