Ìpolówó Ọjà, Àgúnmu Òwò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Àgúnmu kì í sì í ṣe ìyẹ̀fun lásán. Ó ní ewé, ó ní egbò, ó sì ní ìwọ̀n. Ohun tí mo fẹ́ fà yọ nínú àròkọ yìí ni pé ìlérí pàtó, èyí tí olùrà lè yẹ̀ wò, ni egbò inú àgúnmu náà. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, ariwo ló kù.

A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Gbogbo ẹni tó bá gbé igbá ọjà ló ń yin tirẹ̀. Nítorí náà, "ó dára" àti "ó dùn" kò ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Àwọn ìyá wa oníkiri ti mọ èyí tipẹ́. Ẹ jẹ́ kí a wo ọlọ́mọ́ínmọ́ín tí ń kiri ládùúgbò Bàrígà. Kò dúró lórí adùn nìkan. Ó ní mọ́ínmọ́ín òun jẹ́ ẹlẹ́mìí méje. Ó ti dá iye. Olùrà yóò tú ewé, yóò sì ka ẹyin, ẹja, edé àti ohun yòókù tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹ̀mí náà kò bá ju méjì lọ, ìtìjú dọ̀la, nítorí ojúlé kan náà ni yóò tún gbà kọjá. Bákan náà ni gàrí Ìjẹ̀bú: orúkọ ibi tó ti wá di ìlérí pé yóò kan, yóò gbẹ, yóò sì kúnná.

Ìwé títẹ̀ ló ya ẹnu olówò kúrò lára ọjà rẹ̀. Ní 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta. Ọdún yẹn kan náà ni a dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó, ilé-ìwé tó kó lọ sí Bàrígà ní 1959. Bí àwọn òǹkàwé ti ń pọ̀ sí i ni ọ̀rọ̀ ọjà ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò rí olówò sójú rí. Ta ni yóò wá tú ewé wò?

Kí a tó dé Ṣómólú, ẹ jẹ́ kí a gba London kọjá, nítorí ẹjọ́ kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin wa mọ̀ dáadáa. Ní 1891, ilé-iṣẹ́ Carbolic Smoke Ball polówó bọ́ọ̀lù rọ́bà kan tí a fi ń fọ́n oògùn sí imú. Wọ́n ní ẹni tó bá lò ó lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ọ̀fìnkìn líle tó ń jà nígbà náà bá tún mú un, yóò gba 100 pọ́ùn. Àti pé àwọn ti fi 1,000 pọ́ùn sí báńkì. Ìyáàfin Carlill lò ó, ọ̀fìnkìn sì mú un. Ilé-iṣẹ́ náà ní ọ̀rọ̀ ìpolówó lásán ni. Ní oṣù Kejìlá 1892, Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá obìnrin náà láre. Iye àti owó tó mú kí ọjà wọn yàtọ̀ náà ló di okùn tó so wọ́n.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni a mọ Ṣómólú mọ́. Ẹnì kan ń ta bébà, ẹnì kan ń tẹ̀wé, ẹlòmíràn ń fi ọ̀rá bo ojú ìwé, ẹlòmíràn ń gé e. Gbogbo wọn ló lè sọ pé iṣẹ́ àwọn mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ fún olókùú pé 200 ìwé ètò ìsìnkú yóò wà nílẹ̀ kí agogo mẹ́rin ọ̀la tó lù ti fi orúkọ rẹ̀ dógò. Bí iná bá lọ, tí agébébà kò sì dé, ìsìnkú kò ní dúró dè é.

Ibẹ̀ náà ni a ti ń tẹ lébẹ́ẹ̀lì ọjà, ti agbo pẹ̀lú. "Gbogbo-ǹ-ṣe" tó ní òun ń wo ibà, jẹ̀díjẹ̀dí àti àtọ̀gbẹ pọ̀, kí ni a fẹ́ fi mú un? Àjọ NAFDAC, tí a dá sílẹ̀ ní 1993, ní kí irú agbo tí a kàn forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ máa kọ ọ́ sára pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tó ń sọ wò. Ẹ máa ka ìlà kékeré yẹn. Ẹni tó ra mọ́ínmọ́ín ní ewé láti tú. Aláìsàn tó ra ìgò kò ní nǹkan kan láti fi dán an wò àfi ara rẹ̀.