Gbàgede Tafawa Balewa: Ojúde Ta Ni?

Bí Yorùbá bá tẹ ìlú dó, ibì kan wà tí wọn kì í kọ́ ilé sí. Ojúde ọba ni ibẹ̀. Ọjà wà níbẹ̀, igi ńlá tí ń ṣíji bo èrò wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni eégún ti ń jó, ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń ja ìjàkadì, ibẹ̀ náà ni a ti ń kéde òfin. Ibi tí àwọn obìnrin ti ta iyọ̀ ní òwúrọ̀ a di ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré òṣùpá lálẹ́. Nítorí náà, bí àwọn ayàwòrán ilé òde òní bá ń kan sáárá sí àṣà pé kí a kó ilé ìtajà, ọ́fíìsì, gbàgede àti pápá ìṣeré pọ̀ sójú kan láàrin ìgboro, mo mọ̀ pé kò ṣe àjòjì sí àwọn baba wa. Ohun tó yẹ kí a máa bi ara wa ni pé, ta ni ó ni ojúde bẹ́ẹ̀?

Oníkàn, ní erékùṣù Èkó, ni mo rò pé ìbéèrè yìí ti yẹ ẹ́ bi jù. Ìtàn fi yé wa pé ní 1859 ni Ọba Dòsùnmú yọ̀ǹda ilẹ̀ kan níbẹ̀ fún àwọn òyìnbó. Ọdún méjì péré lẹ́yìn èyí, ní 1861, Èkó fúnra rẹ̀ bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n sọ ilẹ̀ náà di pápá ìsáré ẹṣin, Race Course ni gbogbo ènìyàn sì mọ̀ ọ́n sí. Ará ìlú a máa lọ wòran níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ẹṣin ló ni eré. Ní 1930 ni wọ́n kọ́ pápá ìṣeré sí ìtòsí rẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ Ọba George Karùn-ún pè é ní 1936. Kò jìnnà síbẹ̀ ni Dókítà John Randle ti fi owó ara rẹ̀ kọ́ ibi ìlúwẹ̀ẹ́ fún àwọn ọmọ Èkó ní 1928. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: ìjọba ní pápá, ìjọba ní ẹṣin, ṣùgbọ́n ọmọ adúláwọ̀ ló ná owó kí ọmọ adúláwọ̀ lè rí ibi lúwẹ̀ẹ́.

Òru kan ṣoṣo ló yí ìtàn pápá náà padà. Nígbà tí ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1960 ń kógbá sílé, wọ́n sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀ ní Race Course, wọ́n sì fa àsíá aláwọ̀ ewé àti funfun sókè. Láti òru náà ni pápá ẹlẹ́ṣin ti di ojúde orílẹ̀-èdè.

Ní 1972, lábẹ́ ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon, wọ́n kọ́ gbàgede sórí ilẹ̀ náà, wọ́n sì fi orúkọ Tafawa Balewa, olórí ìjọba tí àwọn ṣọ́jà pa ní 1966, pè é. Ilẹ̀ náà tó hẹ́kítà mẹ́rìnlá àti ààbọ̀. Ibi ìjókòó rẹ̀ gba nǹkan bí 50,000 ènìyàn. Ṣọ́ọ̀bù, ọ́fíìsì àwọn oníṣòwò ọkọ̀ òfuurufú, ilé oúnjẹ àti ibùdókọ̀ ni wọ́n kọ́ yí i ká. Ẹṣin funfun mẹ́rin àti ẹyẹ idì pupa méje ni wọ́n gbẹ́ sí ẹnu ọ̀nà. Ẹṣin gidi lọ, ère ẹṣin ló kù. Pápá ìṣeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà ń pààrọ̀ orúkọ bí ìjọba ti ń yí: ó di Onikan Stadium ní 1963, ó di Lagos City Stadium ní 1973, ó tún padà sí Oníkàn. Lẹ́yìn ikú Mobolaji Johnson, gómìnà àkọ́kọ́ fún Ìpínlẹ̀ Èkó, ní 2019, orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́.

N kò ní sọ pé gbàgede yìí kò wúlò. Wọ́n ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, àwọn olóṣèlú ń pàgọ́ síbẹ̀, àwọn Kìrìsìtẹ́nì sì ń kọrin mọ́jú níbẹ̀ ní oṣù kejìlá. Ní 2017, ibẹ̀ ni Ẹ̀yọ̀ parí ìrìn rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ro ti Ẹ̀yọ̀ yìí dáadáa. Láti 1854 tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti wà, òpópónà ni ilé Ẹ̀yọ̀. Ẹni tó bá ń wò ó ní òpópónà lè bọ́ bàtà, kó tẹ̀ lé e. Ẹni tó jókòó sórí àga ìwòran, òǹwòran lásán ni. Ojú agbo àti àga ìwòran kì í ṣe ọ̀kan náà.

Nígbà tí olú-ìlú ṣí lọ sí Àbújá ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1991, ayẹyẹ ìjọba àpapọ̀ bá a lọ. Nígbà tó yá, ìjọba náà fi àmójútó gbàgede lé ilé iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé ohun tí kò bá mówó wá, ìtọ́jú rẹ̀ a máa nira. Síbẹ̀, bí a bá ní láti háyà ojúde kí a tó péjọ síbẹ̀, ojúde ti di ọjà títà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí Èkó erékùṣù. Láti 2015 tí ọ̀nà ọkọ̀ BRT ti dé Ìkòròdú, ará Ìmọta tó bá wọ ọkọ̀ dé Ìkòròdú lè wọ BRT kó lọ sọ̀ ní ẹnu gbàgede yìí. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, nínú ìbẹ̀wò kan náà, Ààrẹ Buhari ṣí ilé iṣẹ́ ìrẹsì Ìmọta, èyí tí a kọ́ láti máa lọ tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan, ó sì ṣí gbọ̀ngàn àṣà Yorùbá tí a kọ́ síbi tí omi ìlúwẹ̀ẹ́ Randle wà. Ìlú ńlá ń bọ̀ ní Ìmọta. Ilé iṣẹ́ a máa fa èrò, èrò a máa fa ilé, ilé a sì máa gbé ilẹ̀ mì. Ìmọ̀ràn mi fún àwọn tó ń pín ilẹ̀ níbẹ̀ ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ wọn ojúde sọ́tọ̀ kí wọ́n tó wọn ti ẹnikẹ́ni, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí ẹni tó lè tà á. Ilé tí a kò kọ́ lónìí, a lè kọ́ ọ lọ́la. Ojúde tí a bá kọ́lé sí, ó nira kí ó tó tún padà di ojúde.