ÌGÒ ÀTIJỌ́ ÀTI ẸLÉRÌÍ RẸ̀



Ẹmu tí a dá ní òwúrọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú ni yóò ti máa kan. Kò sí ẹni tí í tọ́jú rẹ̀ de ọmọ-ọmọ rẹ̀. Nítorí náà ó lè yà yín lẹ́nu láti gbọ́ pé ọtí kan ń bẹ tí àwọn ènìyàn ń fi pamọ́ fún àádọ́ta ọdún, àní fún ọgọ́rùn-ún ọdún, tí iye owó rẹ̀ sì ń ga sí i. Wáìnì pupa ti oko Château Lafite ni mo ń wí, ní Pauillac, lẹ́bàá omi Gironde, ní ìhà àríwá ìlú Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé. Kì í ṣe láti yin ọtí ni mo ṣe dìde lónìí. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ bi yín: ẹni tí ó fi owó ńlá ra ìgò àtijọ́, kí ni ó rà ní tòótọ́?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí wáìnì ti ń dàgbà. Èso àjàrà tí a ń pè ní Cabernet Sauvignon ní èèpo tí ó nípọn, ohun kan sì wà nínú èèpo náà tí ń fún ẹnu pọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n. Nígbà tí wáìnì náà ṣì jẹ́ titun, ó le lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, ohun líle náà a so pọ̀, a sì rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò di gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ọtí náà a sì tutù lẹ́nu. A ń dá ìgò náà dùbúlẹ̀ nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí ó ṣókùnkùn tí ó sì tutù, kí wáìnì lè máa rin kọ́ọ̀kì tí a fi dí ẹnu rẹ̀. Bí kọ́ọ̀kì bá gbẹ, yóò súnkì. Afẹ́fẹ́ yóò wọlé, wáìnì yóò sì di ọtí kíkan.

Oko Lafite fúnra rẹ̀ ti rí ọ̀pọ̀ ìgbà dídára àti búburú. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni Jacques de Ségur gbin àjàrà sí i débi tí ó fi lókìkí. Nígbà tí àwọn ará Faransé dìtẹ̀ sí ọba wọn, a bẹ́ Nicolas Pierre de Pichard tí ó ni oko náà lórí ní ọdún 1794, a sì ta oko náà ní 1797. Ní 1855, fún ìpàtẹ ńlá tí Napoleon Kẹta ṣe ní Paris, àwọn alárinà òwò wáìnì ní Bordeaux to àwọn oko wáìnì pupa sí ipò márùn-ún. Lafite jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin tí ó wà ní ipò kìn-ín-ní. Ní 1868 ni James de Rothschild rà á, ó sì kú ní ọdún náà gan-an. Láàárín àkókò kan náà ni kòkòrò kékeré kan tí ó ti Amẹ́ríkà wá ba gbòǹgbò àjàrà jẹ́ ká ilẹ̀ Faransé, títí àwọn àgbẹ̀ fi kọ́ láti lọ́ ẹ̀ka àjàrà ilé wọn sára gbòǹgbò ti Amẹ́ríkà. Ní 1940 àwọn ọmọ ogun Jámánì wọ ilẹ̀ náà. Oko bọ́ lọ́wọ́ ìdílé Rothschild, wọn kò sì rí i gbà padà títí di òpin ọdún 1945. Nítorí náà, ẹni tí ó ní ìgò 1945 lọ́wọ́ mú ohun ìrántí ọdún tí ogun parí lọ́wọ́.

Nísinsin yìí, ẹ fetí sí ìtàn ìgò kan. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 1985, ilé gbàǹjo Christie's ní Lọ́ńdọ̀nù ta ìgò Lafite kan tí a gbẹ́ ọdún 1787 àti lẹ́tà "Th.J." sí lára. Wọ́n ní ti Thomas Jefferson ni, ẹni tí ó wá di ààrẹ kẹta ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó sì bẹ Bordeaux wò ní 1787 nígbà tí ó jẹ́ aṣojú ìlú rẹ̀ ní Faransé. Ìdílé Forbes ti Amẹ́ríkà san £105,000 lé e. Ṣùgbọ́n Jefferson jẹ́ ẹni tí ń kọ ìnáwó rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Àwọn onímọ̀ ní ilé rẹ̀, Monticello, yẹ ìwé rẹ̀ wò, wọn kò sì rí ẹ̀rí pé ìgò náà jẹ́ tirẹ̀. Ní 1988 ọlọ́rọ̀ kan, Bill Koch, ra ìgò mẹ́rin irú rẹ̀. Nígbà tí ilé ìṣúra kan ní Boston fẹ́ pàtẹ wọn ní 2005, wọ́n béèrè ìtàn ibi tí wọ́n ti wá. Kò sí èyí tí ó tó fi hàn. Àwọn amòye tí Koch gbà sọ pé irin iṣẹ́ alágbára iná ni a fi gbẹ́ lẹ́tà náà, ohun tí kò sí láyé ìgbà Jefferson. Ó gbé ọ̀ràn náà lọ sí kóòtù ní 2006.

Ẹ kíyè sí ìṣòro ẹni tí ń kó irú ìgò bẹ́ẹ̀ jọ. Bí ó bá ṣí i láti dán an wò, ó ti ba ohun tí ó rà jẹ́. Bí kò bá sì ṣí i, ẹ̀rí àwọn ẹlòmíràn nìkan ni ó gbẹ́kẹ̀ lé. Ìdí nìyí tí ọlọ́gbọ́n nínú wọn fi ń wo ibi tí wáìnì ga dé ní ọrùn ìgò, tí ó ń wo orúkọ oko àti ọdún tí a tẹ̀ sára kọ́ọ̀kì, tí ó sì ń béèrè ìwé ẹni tí ó tà á àti yàrá tí ó ti sùn sí. Ìgò tí kò kúrò ní yàrá oko tí a ti ṣe é rí ni ó níye lórí jù, nítorí ẹlérìí rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀.

Èyí ni ìdáhùn sí ìbéèrè mi: ẹ̀rí ni ó rà. Ẹ̀yin tí ẹ ní ohun àtijọ́ nínú ilé, ìbáà ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ìyá àgbà tàbí ìwé baba ńlá yín, ẹ bi àwọn àgbà léèrè ibi tí ó ti wá nígbà tí ohùn wọn ṣì wà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ. Ohun náà kò lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹlérìí rẹ̀ bá kú láìwí, ẹnikẹ́ni lè gbẹ́ orúkọ tí ó wù ú sí i lára.