Ìbejì Igbó-Ọrà àti ìbejì inú ìwé Huxley

Ní 1932 ni Aldous Huxley, òǹkọ̀wé ará Ìlú Ọba, gbé ìwé àròsọ rẹ̀, Brave New World, jáde. Nínú ayé tó fojú inú wò yẹn, obìnrin kì í lóyún mọ́. Inú ìgò ni ọmọ ti ń dàgbà, wọ́n sì lè pín ẹyin kan ṣoṣo títí yóò fi di ọmọ 96 tó jọra bí ìṣáná inú páálí kan, kí wọ́n lè máa ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ 96 tó jọra. "Ìyá" ti di ọ̀rọ̀ ìtìjú lẹ́nu wọn.

Okùn kan so ìdílé Huxley mọ́ Ìbàràpá, bó tilẹ̀ gùn díẹ̀. Julian, ẹ̀gbọ́n Aldous, wà pẹ̀lú Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti nínú ìgbìmọ̀ Elliot, tó jábọ̀ ní 1945 lórí ẹ̀kọ́ gíga ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 1948, Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Láti ibẹ̀ ni àwọn dókítà ti wá dá iṣẹ́ ìlera sílẹ̀ ní Igbó-Ọrà ní 1963. (Ọdún yẹn náà ni Aldous kú.)

Dókítà P. P. S. Nylander láti Ìbàdàn wá ka ìbejì Igbó-Ọrà. Ó lé ní 40 nínú ìbímọ 1,000, nígbà tí ti Yúróòpù kò ju bíi 12 lọ. Àwọn ìyá wa ní ọbẹ̀ ìlasa ló fà á; àyẹ̀wò kò tíì fìdí ìyẹn múlẹ̀. Èyí tó jẹ wá lógún ni pé ìbejì ẹlẹ́yin kan kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ wa ju ibòmíràn lọ, bíi 4 nínú 1,000. Ẹyin méjì ni púpọ̀ nínú ti Igbó-Ọrà. Ẹ̀dà ni Huxley ń bẹ̀rù, ìbejì kọ́. Kí ìmọ̀ ìṣègùn tó dé ni orúkọ wa ti yà wọ́n sọ́tọ̀: Táyéwò tó wá tọ́ ayé wò, Kẹ́hìndé ẹ̀gbọ́n tó rán an.

Ikú ló fi ìyàtọ̀ náà hàn jù. Nínú ìwé yẹn, wọ́n ń kó àwọn ọmọdé lọ síbi tí èèyàn ti ń kú, wọ́n ń fún wọn ní ohun dídùn jẹ kí ikú má baà dùn wọ́n. Lọ́dọ̀ wa, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú láyé àtijọ́, ìyá á ní kí wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀. Á máa wẹ̀ ẹ́, á máa fún un lóúnjẹ.

Ìgò náà ti dé ṣá. Wọ́n bí Louise Brown ní Oldham ní July 1978. Ní 1989 àwọn dókítà LUTH ṣe tiwọn l'Ékòó. Ṣùgbọ́n inú ìyá ni wọ́n ń dá ọlẹ̀ padà sí, ẹni tó bá sì gba ọ̀nà yìí bí méjì, Ìyá Ìbejì náà ni a ń pè é.