Wáyà, Ọkọ̀ Ojú Irin àti Ohùn Òṣìṣẹ́ ní Kàdúná

Ní ìhà gúúsù ìlú Kàdúná, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Chikun, ni Sabon Tasha wà. Ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Haúsá ni 'ibùdókọ̀ tuntun'. Ọ̀dọ̀ Òyìnbó ni Haúsá ti yá 'tasha' lò, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá náà ti sọ ọ̀rọ̀ kan náà di 'tésàn', àfi pé tésàn ọlọ́pàá ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí Yorùbá lọ́kàn. Orúkọ bẹ́ẹ̀ yẹ ìlú bí Kàdúná, nítorí pé ọkọ̀ ojú irin wà lára ohun tó sọ ọ́ di ìlú ńlá.

Nígbà tí ojú irin tó ti Èkó wá dé Kánò ní ọdún 1912, kì í ṣe irin nìkan ni wọ́n tẹ́. Wọ́n ri òpó wáyà mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí pé ọ̀gá ibùdókọ̀ kan kò gbọdọ̀ tú ọkọ̀ sílẹ̀ láìgbọ́ ohùn ẹnìkejì rẹ̀ níwájú. Àwọn akọ̀wé láti ìhà gúúsù, Yorùbá àti Ìgbò, pọ̀ nídìí wáyà yìí. Ọkọ̀ yóò lo ju ọjọ́ kan lọ láti Èkó sí Kàdúná, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ ní Èkó láàárọ̀ lè dé kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Akọ̀wé kékeré tí owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan a sì gbọ́ ìròyìn ṣáájú àwọn ènìyàn pàtàkì ìlú.

Agbára tó fara sin yìí hàn gbangba ní ọdún 1945. Ogun Hitler ti sọ ohun gbogbo di ọ̀wọ́n, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń béèrè pé kí ìjọba fi ìdajì kún owó ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n ń gbà nítorí ọ̀wọ́n ọjà. T. A. Bankole, ààrẹ àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, fẹ́ kí wọ́n ṣì ní sùúrù. Wọn kò gbà fún un. Michael Imoudu, olórí òṣìṣẹ́ rélùwéè tí ìjọba ti lé lọ sí Auchi, ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sí Èkó ni. Ní ọjọ́ 22, oṣù kẹfà, àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní 30,000 da iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì ju oṣù kan lọ kí wọ́n tó padà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ àti wáyà wà láàárín wọn. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: àwọn tí ìjọba ìbá fi tẹ wáyà káàkiri pé iṣẹ́ ti dúró gan-an ni wọ́n dìde kúrò nídìí wáyà. Ìjọba náà kò káwọ́ gbera; ní ọjọ́ 8, oṣù keje, ó ti ìwé ìròyìn West African Pilot àti Daily Comet pa. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ìgbìmọ̀ Tudor Davies tí ìjọba fúnra rẹ̀ yàn dá àwọn òṣìṣẹ́ láre lórí owó náà.

Hubert Ògúndé, tó ti ṣe ọlọ́pàá rí, sọ ọ̀ràn náà di eré, ó pè é ní Strike and Hunger. Nígbà tó gbé e dé Jos ní ọdún 1946, àwọn aláṣẹ dá a dúró, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé e. Ó dà bí ẹni pé wọ́n bẹ̀rù orin ju wáyà lọ.

Rédíò kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 15, oṣù kìíní, ọdún 1966, Rédíò Kàdúná ni Ọ̀gágun Nzeogwu ti kéde pé àwọn ológun ti gba ìjọba. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni lóòótọ́: ẹni tó bá gba ilé iṣẹ́ náà ni yóò sọ̀rọ̀, ìyókù á máa gbọ́. Fóònù alágbèéká tó bẹ̀rẹ̀ sí í tàn ká Nàìjíríà láti ọdún 2001 ló fún àwọn ará ìlú ní èsì.

Ní ọjọ́ 17, oṣù karùn-ún, ọdún 2021, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC, tí Ayuba Wabba ṣe olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ìdaṣẹ́sílẹ̀ ọlọ́jọ́ márùn-ún ní Kàdúná nítorí àwọn òṣìṣẹ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá dúró. Ọkọ̀ ojú irin dúró, òṣìṣẹ́ mànàmáná sì pa iná. Ọgbọ́n yìí ní ẹ̀gún nínú, nítorí fóònù ni wọ́n fi ń pe ara wọn jọ, iná sì ni fóònù ń jẹ. Ní ọjọ́ kejì, orí Twitter ni Gómìnà Nasir El-Rufai ti kéde pé òun ń wá Wabba. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà dáwọ́ dúró ní ọjọ́ 19. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà tí ìjọba àpapọ̀ fi ti Twitter pa mọ́ gbogbo Nàìjíríà lójú, ó sì di oṣù kìíní ọdún 2022 kó tó ṣí i.

Ní ọjọ́ 5, oṣù keje, ọdún 2021 kan náà, àwọn agbébọn kó akẹ́kọ̀ọ́ 121 ní ilé ẹ̀kọ́ Bethel Baptist ní Chikun. Orí fóònù ni wọ́n ti ń bá àwọn èèyàn wọn dúnàádúrà. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi pa fóònù ní àwọn apá kan Ìpínlẹ̀ Kàdúná ní ìparí oṣù kẹsàn-án, ó sì ka gígun alùpùpù léèwọ̀. Ní ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ló pa wáyà mọ́ ìjọba lẹ́nu. Ní ọdún 2021, ìjọba ló pa á mọ́ ará ìlú. Agbébọn kò lè pe ẹnikẹ́ni mọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n abúlé tí wọ́n bá yọ sí lóru kò lè pe ẹnikẹ́ni bákan náà. Ẹni tó bá ní iṣẹ́ láti jẹ́, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn ín, títí di ìparí oṣù kọkànlá tí ìjọba dá fóònù padà.